Inú Ta Ló Fi Tọ́ Ọ Wò?

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Kò kún tó. Ẹnìkan ò dáhùn nínú yín. Ìbídùn, ẹnu rẹ dà?"

"Mo fẹ́ fún ajá mi lóúnjẹ ni, Bàbá Àgbà."

"Kí lo fẹ́ fún un?"

"Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ni. Àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, egungun adìyẹ sì wà nísàlẹ̀."

"Ṣé ó ti fẹnu kàn án?"

"Rárá o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ni. Ẹ wo ìrù rẹ̀ bó ṣe ń jó."

"Gbé abọ́ náà wá síbí. Mo ní kí o gbé e wá. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Bàbá, kò sóhun tó ṣe é o! Èmi fúnra mi ti tọ́ ọ wò."

"Háà! O ti tọ́ ọ wò! Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ọmọ yìí jáde? Àlọ́ mìíràn ni mo gbé wá fún yín lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti gbà á lẹ́nu mi. Ajá yẹn, kí lẹ sọ ọ́?"

"Ẹ̀yìnlàárò."

"Ta lẹ fi ń bá wí?"

"Màámi ní kí n má sọ."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín sókè, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti aládùúgbò wa. Gbé Ẹ̀yìnlàárò sórí itan rẹ, kí òun náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ ni. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ ooo!"

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀. Ó kọjá lórí Erin, kò bà. Ó kọjá lórí Ẹfọ̀n, kò bà. Ó balẹ̀ gbì sórí Òkété, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bí àpò, ó sì ta bá abo ajá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bíńtín.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé pọ̀ ní ìlú kan tí à ń pè ní Agbede. Ìyàn mú ní ìlú náà. Ìyàn ọ̀hún le! Ewúrẹ́ jẹ okùn tí wọ́n fi so ó. Erin rù títí afẹ́fẹ́ fi ń tì í kiri. Nígbà tí òjò padà rọ̀, tí oko tún so, Erin tó jẹ́ ọba wọn pe ìlú jọ.

Ó ní, "Irú ebi yìí kò gbọdọ̀ bá wa lójijì mọ́. A ó kọ́ àká kan. Kálukú yóò mú nínú ìkórè rẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni kò ní ṣí i, àfi bí ọ̀dá bá tún dé."

Wọ́n kọ́ àká. Wọ́n kó ẹ̀kúrọ́ sí i, wọ́n kó ẹ̀pà, wọ́n kó àgbàdo, wọ́n kó ẹ̀wà. Ó kún dé òrùlé. Ó wá ku ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Wọ́n fi Ẹfọ̀n ṣọ́ ọ. Ẹfọ̀n sùn. Wọ́n fi Àgbò ṣọ́ ọ. Àgbò kan ìlẹ̀kùn títí ìlẹ̀kùn fi já. Wọ́n fi Ẹlẹ́dẹ̀ ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀.

Ni ohùn kékeré kan bá sọ̀rọ̀ láàárín èrò. "Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ ọ."

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Ìsàlẹ̀ ni mo wà, Kábíyèsí. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ o."

Bíńtín ni. Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o lè na ara rẹ tán nínú igbá ẹ̀kọ?"

"Èmi náà ni. Ara mi ló kéré. Imú mi kò kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tóbi, ẹ ti ṣọ́ ọ, a sì ti rí i."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un.

Láti ọjọ́ náà, olè kò rójú. Òkété ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rò pé òun ti dé abẹ́ àká. Ó yọ imú síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n Òkété."

"Hẹ̀ẹ̀! Bíńtín! Mo ṣìnà ni."

"Ẹ ṣìnà lánàá náà."

"Ilẹ̀ ìlú yìí ló dojú rú."

"Ẹ padà sílé, ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

Bó bá gba ọ̀tún wá, Bíńtín á ti wà níbẹ̀. Bó bá gba òsì wá, Bíńtín á ti jókòó, á ti ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀. Ara Òkété ta. Kì í ṣe ebi ló ń pa á o. Ilé rẹ̀ kún. Ohun tó ń pa á ni pé ibòmíràn náà kún.

Ó wá rántí nǹkan kan. Nígbà kan tí wọ́n sá kòkó sórí ẹní, Bíńtín ṣa hóró kan jẹ. Òkété wà nínú ihò, ó ń wò ó. Hóró kan péré! Bíńtín gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, ó bì, ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ìlú gbàgbé. Òkété kò gbàgbé. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ kòkó bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ohun tó ń dùn mọ́ mi yìí," ó ní, "ó ń gbé ajá ṣubú. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ìlú Agbede fún yín. Nígbà kan, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi májèlé sínú oúnjẹ àlejò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún ẹlòmíràn, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni náà. Bó bá jẹ ẹ́ tí kò kú, oúnjẹ mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n gbára lé òfin yìí bí ẹní gbára lé òpó ilé. Wọ́n á ní, "Ohun tí kò pa ẹni tó gbé e wá, kò lè pa ẹni tó gbà á." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. A ó tún mú un jáde.

Ni Òkété bá wọ agbádá. Ó gbé àwo lérí, ó dé ẹnu ìlẹ̀kùn àká.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà. Ẹ̀gbọ́n Òkété, ọ̀nà òkè lẹ gbà wá lónìí?"

"Mo ti jáwọ́ nínú ilẹ̀ gbígbẹ́. Mo wá túúbá, àbúrò mi. Àánú rẹ ló ń ṣe mí. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìlú yìí kò dáa. Ẹfọ̀n ń sọ ọ́ lódò pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní òun rò pé ewé ni."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ewé gbígbẹ."

Etí Bíńtín wálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo wa la ní ibi tó ń dùn wá. Ti Bíńtín nìyẹn. Ó gbọ́n, ó láyà, imú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í wo òjìji ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji bá gùn, kó ní, "Ká ní mo tó èyí!"

Òkété sún mọ́ ọn. "Oúnjẹ kan wà tó ń mú ni ga. Àwọn ẹranko ńlá kì í sọ ọ́ síta."

"Kí ni?"

Ó ṣí àwo. Àkàrà gbígbóná ni. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

"Ẹ tọ́ ọ wò kí n rí yín."

"Òfin ni. Mi ò bínú."

Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó mú èkejì, ó jẹ ìyẹn náà. Ó lá ọwọ́. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan kí Bíńtín àti Ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lè rí ẹ̀yìn òun.

"Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú."

"Ó yá, máa dàgbà."

Bíńtín jẹ ẹ́. Ó dùn! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ fara ti òpó ìlẹ̀kùn, ó fi èékánná fa ilà síbi tí orí rẹ̀ dé, kó lè mọ̀ bí òun bá ga.

Òkété ń wá, ó ń lọ. Lónìí, àkàrà alálùbọ́sà. Lọ́la, àlùbọ́sà tí wọ́n fi epo dín, tí wọ́n gún áyù sí. Ó ń tọ́ ọ wò ní gbogbo ìgbà, tayọ̀tayọ̀. Bíńtín ń jẹ, ilà ara òpó kò kúrò lójú kan. Dípò kó ga, ńṣe ló ń rẹ̀ ẹ́. Bó bá dìde, ilé á máa yí i lójú. Bó bá rìn dé ẹ̀yìn àká, yóò jókòó sinmi kó tó padà.

Ló bá kígbe sí aládùúgbò rẹ̀. "Ìyá Ewúrẹ́, ara mi kò dá. Ṣé kì í ṣe oúnjẹ tí Ẹ̀gbọ́n Òkété ń gbé wá yìí?"

Ewúrẹ́ ń jẹ ewé lọ ní tirẹ̀. "Òkété kẹ̀? Mo rí i lójú mi yìí. Ó tọ́ ọ wò. Bóyá oorun rẹ ni kò tó."

Ẹ rí i? Kò sí ẹni tó purọ́. Gbogbo wọn rí i lóòótọ́.

Nígbà tí Òkété rí i pé Bíńtín ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó gbé kòkó dé. Ó ti yan án, ó ti gún un, ó pò ó mọ́ oyin. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ìkan yìí ni olórí wọn." Bíńtín lá a. Kò pẹ́, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí odó iyán. Ó sáré yí àká po láìsí ẹni tó ń lé e. Ó bì. Ó gbọ̀n. Ó ṣubú.

Òkété dúró lé e lórí. "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìdàgbà kì í rọrùn. Egungun rẹ ló ń fà."

Ìyá Bíńtín ń gbé ní oko. Ó gbọ́ pé ara ọmọ òun kò yá, ó sáré wá. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ó fi ọwọ́ gbé ètè ọmọ rẹ̀ sókè. Erìgì tó yẹ kó pọ́n, ó funfun bí ògì.

"Ìtọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó dúdú, Màámi. Bí omi èèpo igi."

"Kí lo ń jẹ?"

"Oúnjẹ tó ń mú ni ga."

"Mo ní, kí lo ń jẹ?"

"Àkàrà alálùbọ́sà. Áyù. Kòkó inú oyin."

Ìyá jókòó. "Ta ló ń fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n Òkété. Ṣùgbọ́n ó tọ́ ọ wò, Màámi! Lójú mi báyìí! Kò sígbà tí kò tọ́ ọ wò!"

"Inú ta ló fi tọ́ ọ wò?"

Bíńtín wo ikùn ara rẹ̀.

"Mò ń bi ọ́ léèrè. Inú ta ló fi tọ́ ọ wò?"

"Inú... inú Òkété."

"Inú ta ni ìyókù wá ń lọ?"

"Inú tèmi."

Ìyá fà á mọ́ra. Ó kàn ń lá orí ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bíńtín, gbọ́ mi. Ìdílé wa kì í bá àlùbọ́sà ṣeré, tútù ni o, sísè ni o, dídín ni o. Ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀, kò ní pariwo. Áyù, àbúrò rẹ̀ ni. Kòkó àti obì, àyà ni wọ́n ń lé sáré. Egungun adìyẹ tó ti jinná, bí o bá fọ́ ọ lẹ́nu, ó ń di ṣóṣóró, ó ń gún ìfun. Ajá ńlá lè jẹ díẹ̀ nínú wọn kó kàn bì. Ìwọ ńkọ́? Ibi tí àìsàn tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ayé tìrẹ ti ń parí. Kí o kéré kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kéré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé díẹ̀ ti pọ̀ fún òun."

Omi bọ́ lójú Bíńtín. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún Kábíyèsí."

"Kí la fẹ́ sọ? Pé Òkété gbé oúnjẹ wá, òun náà sì jẹ níbẹ̀? Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá lọ lónìí, aláìmoore ni wọn yóò pè ọ́."

"Kí la máa ṣe?"

"O máa mu omi. O máa sinmi. Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ mọ́. Bó bá sì dé, kí o máa kú lọ."

"Kí n máa kú lọ kẹ̀?"

"Bí ẹni tó ń kú ni mo wí. Ṣé o kò lè ṣeré ni?"

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bíńtín mu omi, ó sinmi. Ara rẹ̀ kò tíì le, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, tí gbogbo ìlú ti lọ, Òkété yọ. Ìyá Bíńtín sá pamọ́ sẹ́yìn àmù omi. Bíńtín na gbalaja sílẹ̀, ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àbúrò mi! Mo gbé egungun adìyẹ wá, mo fi obì sí i."

"Ta... ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ṣé o kò gbọ́ òórùn mi ni?"

"Mi ò gbọ́ òórùn kankan."

Inú Òkété dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú. Ó gbé apá sókè, ó gbé abíyá rẹ̀ lé Bíńtín nímú.

"Èyí ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ, abíyá Òkété! Òkú tó bá gbóòórùn rẹ̀ á dìde sá. Ojú Bíńtín fẹ́ yí. Ó di ara rẹ̀ mú.

"Bí afẹ́fẹ́ lásán," ó ní.

"Ó ti tán," ni Òkété wí. "Ó ti tán pátápátá."

Ó fi àwo sílẹ̀, ó yí sẹ́yìn àká, ó gbẹ́ ihò láàárín òkúta méjì tó wà nídìí ògiri. Ihò náà fẹ̀ tó orí rẹ̀, kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọlé. Ó kó ẹ̀kúrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jáde, ó sáré gbé e lọ sílé.

Bíńtín fẹ́ gbó. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Dákẹ́. Ti àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Yóò padà wá."

Ó padà wá lóòótọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní ìwọ̀n. Ó kó ẹ̀kúrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó ẹ̀pà sí ti òsì. Ó rí àgbàdo pupa, ó ní kò yẹ kí òun fi í sílẹ̀. Ó rí ẹ̀wà, ó ní ẹ̀wà kò gba àyè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí iṣu méjì. Ó wọ ihò kó jáde. Imú jáde. Ojú jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ há.

Ó tì. Kò lọ. Ó fà. Kò wá. Bí ó bá tu ìdajì sílẹ̀ báyìí, yóò rọra jáde, yóò lọ. Ó rò ó. Ó ro ẹ̀kúrọ́, ó ro ẹ̀pà. Kò tu nǹkan kan.

Ìgbà tó gbójú sókè, Bíńtín ló rí. Ó jókòó níwájú rẹ̀, ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ẹ̀gbọ́n Òkété."

"M̀mm."

"Ilé ńkọ́?"

"M̀mm."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"M̀mm! M̀mm!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn dáadáa. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ni Bíńtín bá gbé orin. Ohùn rẹ̀ kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n ó já geere. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ó máa ní "Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́":

*Ẹ̀gbọ́n mi Òkété o,*
Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́.
*Mo kí yín, ẹ ò jẹ́ mi o,*
Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́.
*Kí lẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbé pọ̀n?*
Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́.
*Ẹ tu ú sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ,*
Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́.
*Àbí kẹ́ ẹ dì í mú kílú bá yín,*
Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́, ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́.

Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ gbọ́ orin. Ewúrẹ́ kọ́kọ́ dé. Ẹfọ̀n dé. Àgbò dé. Erin náà dé, ilẹ̀ mì.

"Òkété," ni Erin wí, "kí lò ń wá nínú ògiri?"

"M̀mm."

"Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Òkété mi orí pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀pà kan bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn wo ẹ̀pà náà. Òkété náà wò ó.

Erin na ọwọ́jà rẹ̀, ó dì í ní imú mú, ó fà á. Pọ́ọ̀! Ẹ̀kúrọ́ tú jáde, ẹ̀pà tú jáde, àgbàdo àti ẹ̀wà ń yí gbirigbiri lọ bí ìgbà tí òjò yìnyín bá ń rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ já wálẹ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ kíá. "Kábíyèsí, olè ni mo jà, mo gbà. N ó dá a padà."

Ìyá Bíńtín jáde síwájú. "Kì í ṣe olè nìkan. Ó fẹ́ pa ọmọ mi. Ẹ wo erìgì rẹ̀. Oúnjẹ tó ń gbé fún un ló fi dá a dùbúlẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tó bá jalè ní Agbede, yóò san án padà. Ẹni tó bá fi májèlé fún ẹlòmíràn, yóò fi ìlú sílẹ̀ títí ayé. Òkété mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó gbọn agbádá.

"Èmi? Májèlé? Ìyá Ewúrẹ́, ẹ jẹ́rìí. Ṣé mo tọ́ ọ wò àbí mi ò tọ́ ọ wò?"

Ewúrẹ́ mi irùngbọ̀n. "Ó tọ́ ọ wò. Mo rí i."

"Ṣé mo kú?"

"O kò kú."

"Kí ni òfin wí? Ohun tí kò pa ẹni tó gbé e wá..."

Gbogbo ìlú bá a parí rẹ̀. "Kò lè pa ẹni tó gbà á."

Òkété jókòó pẹ̀sẹ̀. "Mo ti sọ tèmi."

Erin wo Ìyá Bíńtín. "Màmá, òfin ti dá a láre."

Ìyá kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òfin dára, Kábíyèsí. Èmi náà fẹ́ ṣe Òkété lálejò. Ó ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ọmọ mi."

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó wọ́ egungun itan kan wá, egungun tútù tí ọdẹ jù sílẹ̀, tó nípọn bí ọmọ odó. Ó gbé eyín lé e. Gàràràrà! Ó fọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e mì, ó lá ẹnu.

"Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú," ni gbogbo ìlú wí.

Ó ti ìyókù síwájú Òkété. "Mo ti tọ́ ọ wò. Ó yá, àlejò mi. Gbé e mì."

Òkété wo egungun. Ó wo ọ̀fun ara rẹ̀. Ó tún wo egungun.

"Màmá, mo ti yó."

"Ilé ọmọ mi lo wà. Gbé e mì."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Yóò há mi! Yóò gún mi ní ìfun!"

"Kò há mi. Kò gún mi. Àbí òfin ti yí padà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀!" Òkété fò sókè. "Kí lẹ ń fi ara yín wé mi sí? Ajá lẹ jẹ́! Inú yín kọ́ ni inú mi!"

Gbogbo ìlú yíjú sí i.

Òkété gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti fà kò jẹ́ kó bò ó tán.

Bíńtín rìn síwájú, jẹ́jẹ́, lórí ẹsẹ̀ tí kò tíì le. Kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "nígbà tí ẹ̀yin ń gbé àlùbọ́sà fún mi, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Òkété kò dáhùn. Kò sí ẹ̀kúrọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí o.

Erin tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Láti òní lọ, ká tọ́ ọ wò kò tó mọ́ ní Agbede. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí inú wọn jọ tirẹ̀. Òkété, fi ìlú yìí sílẹ̀ títí ayé."

Òkété kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kọ "Ṣẹ̀ẹ́rẹ́ńjẹ́" tẹ̀lé e dé ibodè. Ìdí nìyí tó fi ń gbé inú ihò ní igbó títí dòní, tí kì í jáde àfi bí òkùnkùn bá kùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wà jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí àpò tí wọ́n tú ọjà inú rẹ̀ dànù.

Bíńtín ńkọ́? Ara rẹ̀ yá. Ó padà sídìí àká. Ilà tó fà sára òpó wà níbẹ̀, kò fi bí èékánná ga jù ú lọ. Nígbà tí ọ̀dá sì tún dé, tí wọ́n ṣí àká, tí oúnjẹ kún ibẹ̀ bámúbámú, Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti Bíńtín dọ́gba. Ó ní, "A dúpẹ́ o, Ìyá Àká."

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ sáàárín agbo: ẹni tó bá ń fi ojúkòkòrò pète ikú fún ẹlòmíràn, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ìkejì rẹ̀ sì ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi bọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò jọ tìrẹ. Òkété mọ̀, ó fi ṣìkà. Ìwọ tí o kò mọ̀ ńkọ́, tí o fi ìfẹ́ gbé e sílẹ̀? Bákan náà ni àlùbọ́sà yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí egungun adìyẹ há mi lọ́fun.

"Kò ní há yín o, Bàbá!"

"Àṣẹ. Ìbídùn, kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Mò ń wo abọ́ yẹn ni. Kí ni Ẹ̀yìnlàárò wá máa jẹ, Bàbá Àgbà?"

"Ìrẹsì funfun wà nínú ìkòkò ìyá rẹ. Ẹran tó kù lára adìyẹ yẹn ńkọ́, èyí tí kò tíì wọ inú ọbẹ̀?"

"Ó wà lórí àwo."

"Yọ egungun rẹ̀ kúrò, já a wẹ́wẹ́ sí ìrẹsì. Ó ti ṣe orí ire."

"Ó dàárọ̀ o, Bàbá."

"Ó dàárọ̀. Dúró ná, abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi tí o gbé yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ̀yìnlàárò, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Inú tèmi lèyí ń lọ."